Èèrà Ló Kọ́kọ́ Mọ Ohun Tó Ń Ṣe Ológìnní Màmá Elélùbọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé dé lọ́sẹ̀ yìí, mo mọ̀ pé àwọn kan máa rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn á ní mi ò rí nǹkan kọ mọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ológìnní ni. Ológìnní tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó ń gba abẹ́rẹ́ láàárọ̀, tó tún ń gbà á lálẹ́, nínú ilé kan ní Ìwó, ìlú odídẹrẹ́. Ẹ má tíì ṣí ìwé kọjá, ẹ jẹ́ kí n débi ọ̀rọ̀.

Àbúrò ìyá mi ló ni ológìnní náà. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà lọ́jà Odò-Orí, kò sì sẹ́ni tó tún ń pè wọ́n ní orúkọ mìíràn ju Màmá Elélùbọ́ lọ. Ẹni tó bá ń ta èlùbọ́ mọ̀ pé ọ̀tá òun ò ju méjì lọ, òjò àti èkúté. Ọ̀rá ni Màmá fi ń dènà òjò, ológìnní ni wọ́n fi ń dènà èkúté. Akọ ni, dúdú tó ní funfun láyà, ó ti lé lọ́dún méjìlá nínú ilé náà, ó sì sanra bí ọmọ tí ìyá àgbà tọ́. Tí Màmá bá ń tọjà bọ̀, ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí dè wọ́n, àfi bí ọlọ́pàá tó ń dúró de onímọ́tò.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ológìnní yìí bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń sin ológìnní mọ̀ pé kì í ṣe ẹran tó ń wá omi kiri. Tẹ́lẹ̀, eruku lè bo abọ́ omi rẹ̀ kó má tíì wò ó. Ṣùgbọ́n lásìkò tí mò ń wí yìí, tí wọ́n bá bu omi kún abọ́ láàárọ̀, oòrùn ò ní í tíì mú tí yóò fi gbẹ. Wọ́n tiẹ̀ bá a nínú balùwẹ̀ níbi tó ti ń lá omi ilẹ̀. Ó ń jẹun bí ẹni tó ń jẹ fún ẹni méjì, síbẹ̀ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ síta. Ìtọ̀ tó sì ti máa ń lọ gbẹ́ ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wá ń tọ̀ ọ́ sí. Ọmọ-ọmọ Màmá tó ń bá wọn gbé fi ìgbálẹ̀ lé e títí, kò gbọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n jáde síta, tí wọ́n rí i pé èèrà ti tò lọ bẹẹrẹ síbi tó tọ̀ sí mọ́jú.

Ẹni tó bá ní àgbàlagbà nílé ti mọ ibi tí mò ń lọ. Kí ẹ̀rọ tó dé, èèrà làwọn baba wa fi ń mọ̀ pé ṣúgà ti wọ ìtọ̀ èèyàn. Ọkọ Màmá, ìyẹn Alhaji, sì ti ń bá àìsàn yìí jà láti 2011. Alhaji dúró lórí ìtọ̀ náà, wọ́n wo èèrà, wọ́n wo ológìnní, wọ́n ní, "Ohun tó ń ṣe mí ló ń ṣe ológìnní rẹ yìí." Màmá ní, "Alhaji, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín láàárọ̀ kùtù." Alhaji ò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ dé etí ìgbọ́ àdúgbò, ó wá di tàwọn ẹlẹ́nu. Ọ̀kan ní ológìnní tó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nílé, ojú ẹlòmíì ló fi ń ríran, kí wọ́n gbé e lọ jù sódò Ọbà. Ẹ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ológìnní dúdú ṣe rí láàárín wa. Èkejì, tó ní òun fẹ́ràn wọn, gbé àgbo wá nínú ìgò. Ó ní àlùbọ́sà ni, àáyù ni, pẹ̀lú omi ewúro, pé òun ló kápá ti bàbá òun.

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí èèyàn ń mu kọ́ ni ẹran gbọ́dọ̀ máa mu. Májèlé ni àlùbọ́sà àti àáyù fún ológìnní. Ẹ̀jẹ̀ pupa ara rẹ̀ ni wọ́n ń bà jẹ́, èrìgì rẹ̀ á funfun, kò ní í lókun, kò ní í lè mí dáadáa, ó sì lè tibẹ̀ kú. Ì báà jẹ́ tútù, ì báà jẹ́ sísè, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n lọ̀ gbẹ, ọ̀kan náà ni. Ẹ ò rí i pé ọbẹ̀ tí a ń bù sórí àmàlà fún wọn lójoojúmọ́ ò dáa tẹ́lẹ̀? Ọlọ́run ló kó ológìnní Màmá yọ, òórùn àgbo náà ló ṣe é tí kò fi gbà á sẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá gbé e sínú agbọ̀n tí wọ́n fi ń kó adìyẹ, wọ́n fi ìró bò ó, ó di ọkọ̀ Ìbàdàn. Ìbàdàn lèmi ń gbé, wọ́n ní kí n wá pàdé àwọn ní Iwo Road. Wọ́n ní láti Lálùpọn ló ti ń ké, tí àwọn èrò ọkọ̀ ń wo àwọn bí ẹni ń wo gbọ́mọgbọ́mọ. Ilé ìwòsàn àwọn ẹran tó jẹ́ ti Yunifásítì Ìbàdàn la gbà lọ.

Dókítà ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ológìnní tí ara rẹ̀ dá kì í sábà kúrò láàárín 80 sí 120. Ti ológìnní wa ti kọjá 400. Mo rò pé ojú ẹsẹ̀ ló máa kọ oògùn. Rárá o. Ó ní ológìnní tí ẹ̀rù bá, tí wọ́n dì sínú agbọ̀n rìnrìn àjò, ṣúgà rẹ̀ lè fò kọjá 250 láì sí àìsàn kankan lára rẹ̀, nítorí náà èèyàn kì í ti ara àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan dá a lẹ́jọ́. Ó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ṣúgà wà níbẹ̀. Ó tún fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò mìíràn tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, èyí tí ẹ̀rù ọjọ́ kan ò lè yí padà. Lẹ́yìn náà ló ní ká wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Orí ìka ni ológìnní fi ń rìn, ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ tiwa ti ń kanlẹ̀ bíi ti ehoro. Àìsàn yìí ló ń bá iṣan ẹsẹ̀ jà bẹ́ẹ̀. Àwa rò pé ọjọ́ ogbó ni.

Ó wá ṣàlàyé pé irú èyí tó ń ṣe àwọn àgbàlagbà wa ló sábà máa ń ṣe ológìnní. Ara ṣì ń pèsè ínsúlínì díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Èyí tó ti dàgbà, tó sanra, tó jẹ́ akọ, pàápàá èyí tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, ni àìsàn náà ń wá jù. Ó bi Màmá pé kí ló ń jẹ. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, àmàlà, ẹ̀kọ, búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú tíì oní-mílíìkì. Dókítà rọra mi orí. Ẹran àti ẹja ni Ọlọ́run dá ẹnu ológìnní sí, ó jọ pé àwa la sọ ọ́ di ọmọ Ìwó.

Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Màmá nígbà tí wọ́n ní ínsúlínì ló máa gbà? Wọ́n ní, "Abẹ́rẹ́ èèyàn fún ológìnní? Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́?" Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Lọ́dún 1889, ní Strasbourg tó wà lọ́wọ́ Jámánì nígbà náà, Oskar Minkowski àti Joseph von Mering yọ ẹ̀yà ara kan tó fara ti àpò oúnjẹ kúrò nínú ajá. Ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ káàkiri. Wọ́n yẹ ìtọ̀ náà wò, ṣúgà ló kún inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ojú orísun àìsàn yìí. Nígbà tó di 1921, ní Toronto nílẹ̀ Kánádà, Frederick Banting àti Charles Best tún fi ajá wádìí títí wọ́n fi rí oje tó ń kápá ṣúgà. Ní January 1922, wọ́n gún un fún ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan, Leonard Thompson, tí ikú ti ń wò lójú kòrókòró. Ara màlúù ni wọ́n ti yọ ti ìgbà náà. Ara ẹran la ti rí oògùn yìí, ẹran ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀ fún wa.

Alhaji kò tilẹ̀ nílò ìtàn tèmi. Nígbà tá a pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n ní ṣé Màmá ti gbàgbé Abu Hurayra ni, sàhábà tó jẹ́ pé ìfẹ́ ológìnní ló sọ ọ́ lórúkọ, àti obìnrin tí àdíìsì ní ó wọ iná torí ológìnní tó so mọ́lẹ̀ tí kò fún lóúnjẹ. Wọ́n ní kí wọ́n ra oògùn kí wọ́n máa bọ̀ nílé.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ínsúlínì tí wọ́n kọ ni glargine, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Lantus, ti èèyàn náà ni. Ní November 2023 ni iléeṣẹ́ Sanofi tó ń ṣe é kéde pé àwọn ò ní í máa tajà fúnra àwọn mọ́ ní Nàìjíríà, pé láti February 2024, ẹlòmíì ni yóò máa bá àwọn pín in. Ẹni tó bá ń ra oògùn lásìkò náà mọ ohun tí ojú rí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó dín ìnáwó Màmá kù, ẹ gbà á sétí. Ìgò ńlá ínsúlínì, 1,000 ni ìwọ̀n tó wà nínú rẹ̀. Ológìnní yìí, ìwọ̀n kan láàárọ̀, ìwọ̀n kan lálẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 60 lóṣù. Tí wọ́n bá sì ti ṣí Lantus, ọjọ́ 28 ni wọ́n kọ sí i lára. Èèyàn á kàn da èyí tó kù nù ni! Pẹ́ẹ̀nì kan tó ní 300 nínú ni dókítà ní kí wọ́n rà.

Ó sì kìlọ̀ nípa síríńjì. Oríṣi méjì ló wà, U-100 àti U-40. Tí ínsúlínì bá jẹ́ U-100, síríńjì U-100 ni kí ẹ fi fà á. Ẹni tó bá fi U-40 fa U-100 débi àmì kan, ìlọ́po méjì àtààbọ̀ ló fún ẹran yẹn. Wọn ò sì gbọdọ̀ fi abẹ́rẹ́ Alhaji gún ológìnní, tàbí kí wọ́n wò ó pé níwọ̀n ìgbà tí Alhaji ti ní ínsúlínì tirẹ̀ nílé, kí wọ́n bù níbẹ̀. Oríṣiríṣi ni ínsúlínì, èyí tó ń ṣiṣẹ́ kíákíá wà, èyí tó ń rọra ṣe é wà.

Ní ti fíríìjì, ó wà nílé Alhaji, iná ni kò sí. Àwọn tá a ṣì ń pè ní NEPA, bó tilẹ̀ jẹ́ IBEDC ni wọ́n ń jẹ́ báyìí, ẹ mọ ìṣe wọn. Ìkòkò amọ̀ ni Alhaji ti ń lò láti ọjọ́ yìí. Ìkòkò kékeré nínú ńlá, wọ́n da iyanrìn sáàárín méjèèjì, wọ́n ń bu omi wọ́n ọn, wọ́n fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Olùkọ́ kan ní Jigawa, Mohammed Bah Abba, ló gbé irú ìkòkò yìí jáde ní 1995 fún àwọn àgbẹ̀ tí tòmátò wọn ń rà, tó sì gba ẹ̀bùn Rolex lé e lórí ní 2000. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń tutù dáadáa. Tí òjò bá ń rọ̀ tí afẹ́fẹ́ sì rin, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹ wá bí ẹ ṣe máa rí fíríìjì. Ínsúlínì kò sì gbọdọ̀ di yìnyín láé, tó bá ti di yìnyín, ó ti bàjẹ́.

Oúnjẹ rẹ̀ wá di ṣàwá tí wọ́n fi omi lásán bọ̀, tí wọ́n yọ eegun rẹ̀, kò sí iyọ̀, kò sí ata, kò sí àlùbọ́sà. Nígbà mìíràn, adìyẹ tàbí ẹyin bíbọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n yí i padà, torí ológìnní tó sanra, tó wá kọ oúnjẹ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè dà rú. Ó gbọ́dọ̀ jẹun kí wọ́n tó gún un. Aago méje àárọ̀, aago méje alẹ́. Awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fà sókè díẹ̀, kò tilẹ̀ ń mọ̀ ọ́n lára, bó ti ń jẹ ṣàwá lọ́wọ́ ni. Ẹ̀rọ tí Alhaji fi ń díwọ̀n ṣúgà ni wọ́n fi ń wo tirẹ̀ náà, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tuntun gún etí rẹ̀ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bíńtín á yọ. Ẹ̀rọ èèyàn máa ń fi ti ológìnní hàn kéré díẹ̀ sí bó ṣe jẹ́, dókítà ti sọ ìyẹn fún wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ nínú ara wọn pé ta ló ráyè. Òótọ́ ni. Ẹni tí kò lè wà nílé lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, tí kò sì lówó rẹ̀, mi ò ní kó lọ tọrùn bọ gbèsè. Kó lọ bá dókítà ẹran, kó sọ òótọ́ fún un. Ọ̀nà wà tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ẹran sùn lọ láì jẹ̀rora. Ìyẹn sàn ju kéèyàn sọ ọ́ sódò tàbí kó máa wò ó bó ti ń gbẹ lọ.

Ohun tó wá mú mi kọ èyí gan-an ni alẹ́ Jímọ̀ kan. Màmá ti fún un ní oúnjẹ, wọ́n gún un, wọ́n lọ síbi ìpàdé àsàlátù. Ọmọ-ọmọ wọn dé láti lẹ́sìnnì, ó rí pẹ́ẹ̀nì lórí tábìlì, ó rò pé Màmá gbàgbé ni. Ọmọ tó fẹ́ ṣe dáadáa! Ó tún gún un. Àwo oúnjẹ ti ṣófo, kò sì fún un ní nǹkan kan sí i.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, Alhaji gbọ́ gbì, gbì, lára ògiri. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ológìnní ni, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mu ẹmu yó, orí rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó rìn dé ẹsẹ̀ àga, ó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le gbagidi. Màmá figbe ta pé ó ti tán. Ọmọ yẹn náà ń sunkún, ó ń sọ pé òun gún un, òun gún un. Alhaji ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó ti ṣe àwọn náà rí lóko, ṣúgà wọn já wálẹ̀, àwọn alábàáṣiṣẹ́ ló gbé wọn. Ohun tí wọ́n sọ ò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: "Oyin dà?"

Wọ́n ò da oyin sí i lọ́fun, torí ẹran tí gìrì mú ò lè gbé e mì, ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ, ó sì lè gé èèyàn jẹ. Ìka ni wọ́n fi tọ́ ọ, wọ́n fi ń pa èrìgì rẹ̀, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n tún pa á. Ẹni tí kò bá ní oyin, omi ṣúgà tó ki dáadáa ṣe é lò. Wọ́n gún etí rẹ̀ wò, 38 ló kà. Màmá ní àwọn ń ka àásìkì tó àwọn mọ̀ ọ́n kà. Nígbà tó ṣe, ó gbé orí sókè, ó wo Alhaji, ó fi ahọ́n lá imú. Wọ́n gbé ṣàwá síwájú rẹ̀, ó jẹ ẹ́. Ẹ má rò pé ó ti parí níbẹ̀ o, ínsúlínì ọ̀hún ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ nínú ara rẹ̀. Títí ilẹ̀ fi mọ́, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń bọ́ ọ. Láàárọ̀, dókítà ní kí wọ́n má ṣe gún un rárá, kí wọ́n gbé e wá.

Bí wọ́n ṣe ti Ìbàdàn dé, Màmá fi ìṣó kan kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àsàlátù wọn mọ́ ara ògiri, wọ́n so báírò mọ́ ọn. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan pẹ́ẹ̀nì, yóò kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà. Tó bá ti gún un, yóò fàlà. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye tó kù nínú pẹ́ẹ̀nì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń ka ti ológìnní ni ojú wọn ti lọ sára ìgò Alhaji. Wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ìgò tó yẹ kó ti lọ sí ìdajì, kò lọ síbì kan. Wọ́n bi Alhaji. Alhaji kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní ṣé àwọn náà ti di ológìnní ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ọ́, wọ́n ní láti ìgbà tí owó oògùn ti fò sókè làwọn ti ń fò ó, ọjọ́ kan gún un, ọjọ́ méjì má gún un, kó lè bá àwọn dé ìparí oṣù mìíràn. Àwọn ò sọ fún ọmọ kankan. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ní ó ń ta àwọn wọ́ọ́-wọ́ọ́ láti ọdún tó kọjá, tá a ń ra òróró sí, àṣé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Àwa ọmọ ti pé jọ lórí ìyẹn, a ti pín in láàárín ara wa, ẹni tó ń ra ti January, ẹni tó ń ra ti February. Nígbà tí mo délé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìlà méjì ló wà lójú kàlẹ́ńdà, ti òkè jẹ́ ti Alhaji, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ti ológìnní. Dókítà ti ní kí wọ́n dín ti ológìnní kù, torí oúnjẹ tuntun yẹn ń bá a lára mu. Ó ní àwọn kan nínú wọn máa ń dé ibi tí wọn ò ní í nílò abẹ́rẹ́ mọ́, àwọn mìíràn kì í débẹ̀, ká ṣì máa wò ó. Màmá fi báírò tọ́ka sí ọjọ́ Tuesday, àyè Alhaji ṣófo níbẹ̀. Alhaji ní àwọn gún un, àwọn gbàgbé láti fàlà ni. Màmá ní kí wọ́n gbé ìgò wá.